Èdè Kan Lórí Gbogbo Ẹ̀rọ, Gbogbo Èdè Lórí Pẹpẹ Kan

Àwọn ọmọ tó ń kọ kóòdù lóde òní bá Java àti .NET nílẹ̀ ni. Àwa tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí àwọn méjèèjì tó dé, ojú wa ni wọ́n ṣe wọlé, etí wa ló sì gbọ́ ohun tí àwọn tó ṣe wọ́n sọ pé àwọn ń wá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń ká mi lára nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń jiyàn pé èyí dára ju ìyẹn lọ. Iyàn yẹn kì í parí, nítorí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn nǹkan méjì tí ìdí tí a fi ṣe wọ́n yàtọ̀ síra. “Orí ẹ̀rọ wo ni ètò yìí ti máa ṣiṣẹ́?” ni ìbéèrè tí Java wá dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé: èyí tó bá wù ọ́. “Èdè wo lo fẹ́ fi kọ ọ́?” ni ìbéèrè tí .NET wá dáhùn, ìdáhùn tirẹ̀ náà sì ni pé: èyí tó bá wù ọ́. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i, láti ìgbà tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn, títí di ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè ẹnìkejì.

Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, nínú yàrá kọ̀ǹpútà báńkì kan, láyé ìgbà tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń gba odidi yàrá, tí a sì gbọ́dọ̀ máa mú yàrá náà tutù tọ̀sán-tòru. COBOL la fi ń kọ gbogbo rẹ̀: owó tó wọlé, owó tó jáde, èlé tó gorí owó. Lásìkò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè bóyá ètò tí a kọ lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ fún yín ló ń ta gbogbo ohun tó bá a rìn fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ó tún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tajà fún wọn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, C àti C++ ló gbòde. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà ní ibi iṣẹ́ mi: àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń lo Windows lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹ̀rọ Sun tó ń lo Unix nínú yàrá ẹ̀yìn. Ètò kan náà la fẹ́ kí méjèèjì máa lò, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà. Nínú C, ààyè tí nọ́ńbà tí à ń pè ní int ń gbà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Lórí Unix wa, bit 32 ni. Lórí Windows ìgbà náà, bit 16 ni, kò sì lè gbé nọ́ńbà tó bá ju 32,767 lọ. Bí a bá ń ka owó ní pẹ́nsì, 327 pọ́n-ùn àti pẹ́nsì 67 ti dé òpin nìyẹn. Ẹ wá wo oníbàárà tó ní 400 pọ́n-ùn, ìyẹn 40,000 pẹ́nsì. Nínú yàrá ẹ̀yìn, owó rẹ̀ pé. Lórí Windows, nọ́ńbà náà á yí bírí, á bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, wọn á sì kà á pé oníbàárà yìí jẹ gbèsè 255 pọ́n-ùn àti pẹ́nsì 36. Kóòdù kan náà ni o. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà to báìtì tún le ju ìyẹn lọ. SPARC tó wà nínú ẹ̀rọ Sun ń fi báìtì tó wúwo jù ṣáájú; Intel ń fi èyí tó fúyẹ́ jù ṣáájú. Bí ọ̀kan bá kọ nọ́ńbà 1 ní bit 32 sínú fáìlì, tí èkejì sì kà á láìtún un tò, 16,777,216 ló máa kà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá gbà á lò gbọ́dọ̀ dá a padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé, mẹ́mọ́rì á máa jò lọ títí ẹ̀rọ á fi dákú. Bí ó bá dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí ó tún na ọwọ́ sí ohun tó ti dá padà, ètò á kú lójijì, ó sì lè jẹ́ láàárín òru. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni a fi wá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, tí a ó wá bá a nínú ìlà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìròyìn Java kàn wá lára. Ọdún 1991 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Sun Microsystems ní California, lábẹ́ iṣẹ́ àkànṣe kan tí wọ́n pè ní Green. James Gosling ló ṣe èdè náà. Mike Sheridan àti Patrick Naughton wà lára àwọn tí wọ́n jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Oak ni Gosling kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí igi oak kan tó wà níta ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kì í ṣe báńkì, kì í sì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé ni wọ́n ń rò. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan: ṣíìpù tí owó rẹ̀ bá dínkù jù lọ́dún yìí ni wọ́n ń lò, bí òmíràn tó dínwó bá jáde lẹ́ẹ̀mí-ìn, wọ́n á yà síbẹ̀. Ètò tí a kọ mọ́ ṣíìpù kan kò lè bá wọn rìn. Láti ibẹ̀ ni èrò ti wá pé kí ètò má tilẹ̀ mọ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjà tẹlifíṣọ̀n kò ṣí fún wọn, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì dé, oríṣiríṣi ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn pàdé níbẹ̀. Ní 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1995, Sun kéde Java fún aráyé, Netscape sì gbà láti fi í sínú ètò tí àwọn ènìyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìwé tí Gosling àti Henry McGilton kọ ní 1996 láti ṣàlàyé èdè náà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo sì kà á títí etí rẹ̀ fi ká. Ète márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí èdè náà rọrùn, kí ó dá lórí object, kí ó má sì ṣàjèjì sí ẹni tó ti mọ C++. Kí ó lágbára, kí ó sì ní ààbò. Kí ó má so mọ́ ẹ̀rọ kan, kí ó ṣeé gbé kiri. Kí ó yára. Kí ó jẹ́ èyí tí a ń túmọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, tó lè mú iṣẹ́ púpọ̀ dání lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì lè gba apá tuntun mọ́ra lójú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yọ kúrò ló wú mi lórí jù. Wọ́n yọ ṣíṣe ìṣirò pẹ̀lú pointer. Wọ́n yọ goto. Wọ́n yọ header file. Wọ́n ní class kan kò gbọdọ̀ jogún lára class méjì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún àmì ìròpọ̀ ní iṣẹ́ tuntun. Wọ́n gba dídá mẹ́mọ́rì padà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù, wọ́n fi agbálẹ̀ kan sínú ẹ̀rọ Java tí á máa gbá ohun tí a kò lò mọ́ dànù. Wọ́n sì ṣe òfin fún nọ́ńbà: int jẹ́ bit 32 níbi gbogbo. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, oníbàárà wa tí wọ́n sọ di ajigbèsè ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò lọ́jú pọ̀ rárá. Kọ̀ǹpáílà Java kì í yí kóòdù sí èdè ṣíìpù kankan. Ó ń yí i sí bytecode, èdè ẹ̀rọ kan tí a fi ọgbọ́n orí dá. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kọ JVM sí, ìyẹn ẹ̀rọ Java tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, JVM yẹn á ka bytecode náà, á sì ṣe ohun tó wí. Owó tí gbogbo ọjà ń ná ni bytecode: ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ kò ní láti ṣẹ́ ẹ kí ó tó rajà.

Ní 1997, a dán an wò ní ibi iṣẹ́ wa. A kọ ètò kékeré kan tó ń ṣírò èlé, orí Windows la ti kọ ọ́, a sì da àwọn fáìlì class rẹ̀ kọ sórí díísìkì pẹlẹbẹ kan. Ẹlẹgbẹ́ mi obìnrin kan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ló mú díísìkì náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì tẹ̀ lé e. Ó fi í sínú ẹ̀rọ Sun, ó tẹ “java”, ó tẹ orúkọ class náà tẹ̀ lé e. Ojú ètò náà ṣí. Bọ́tìnì rẹ̀ kò rí bíi ti Windows, lẹ́tà rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó gé ìparí ọ̀rọ̀ kan jẹ. Ṣùgbọ́n èlé tó ṣírò kò fi pẹ́nsì kan yàtọ̀. A kò tún kóòdù kọ, a kò tún un kọjá lọ́dọ̀ kọ̀ǹpáílà, a kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ó tán náà nìyẹn?” Mo ní, “Ó tán.” Ẹni tí kò bá tíì bá bit 16 àti bit 32 jìjàkadì rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tóbi tó létí wa.

Àwọn tó lò ó mọ̀ pé ohun tó ná wọn kì í ṣe kékeré. Java ìgbà náà falẹ̀, nítorí pé JVM ń ka bytecode lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó ṣe é. Nínú ète márùn-ún yẹn, kí èdè náà yára ló pẹ́ jù kí ó tó ṣẹ. Ní 1999 ni HotSpot jáde, tó ń ṣọ́ apá tí ètò ń lò jù nínú kóòdù, tó sì ń yí apá yẹn sí èdè ṣíìpù gan-an. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì tó yàtọ̀ yẹn náà kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn tó ń ta sọ́fítíwià fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì sọ pé oníbàárà àwọn kò ní ẹ̀rọ Sun kankan, orí Windows ló ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ohun tó sì fẹ́ ni kí ètò rẹ̀ rí bíi ti Windows, kí ó sì yára bíi ti Windows. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlérí pé ètò máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo kò sọ ohun tí ẹni tó wà lójú kan ṣoṣo máa jẹ lérè.

Microsoft ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Sun ní 1996 láti lo Java, ó sì ṣe Visual J++ fún kíkọ ọ́. JVM tó ṣe fún Windows yára dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan tirẹ̀ kún un, irú bíi J/Direct tó ń jẹ́ kí kóòdù Java pe Windows ní tààrà, ó sì fi àwọn apá kan tí Sun kà sí dandan sílẹ̀. Ètò tó bá lo irú àfikún bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, Sun gbé Microsoft lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn kan nínú wa ní ìlara ló ń ṣe Sun, àwọn kan ní olè ni Microsoft. Lójú tèmi, ète méjì ló forí gbárí. Sun fẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ètò má jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń kọ ọ́. Microsoft ló sì ni ohun tó wà lábẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn méjèèjì kò lè fi èdè kan náà lépa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001 ni wọ́n parí ẹjọ́ yẹn, Microsoft san 20 mílíọ̀nù dọ́là fún Sun, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kí ẹjọ́ náà tó parí ni ọ̀nà Microsoft ti là. Anders Hejlsberg, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó kọ kọ̀ǹpáílà Turbo Pascal, tó sì tún jẹ́ olórí àwọn tó ṣe Delphi, ti dé ọ̀dọ̀ wọn láti 1996. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ lórí èdè tuntun wọn, C#. Ní 2000 wọ́n kéde C# àti .NET, ní oṣù Kejì ọdún 2002 wọ́n gbé .NET jáde. Ẹni tó bá wo C# lójú lásán á ní Java ni wọ́n tún kùn: agbálẹ̀ wà níbẹ̀, class ń jogún lára class kan ṣoṣo, kọ̀ǹpáílà ń yí kóòdù sí èdè agbedeméjì. Ṣùgbọ́n ibi tí .NET ti ń bọ̀ yàtọ̀. Lórí Windows, kì í ṣe ẹ̀rọ ló pọ̀ jù, èdè ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń kọ Visual Basic wà lápá kan, àwọn tó ń kọ C++ wà lápá kejì, bí àwọn méjèèjì bá sì fẹ́ lo iṣẹ́ ara wọn, COM, ìlànà Microsoft fún síso ètò pọ̀, ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mo ṣe iṣẹ́ COM, ó le. .NET wá ní kí gbogbo èdè máa lo irú nọ́ńbà kan náà, irú ọ̀rọ̀ kan náà, irú class kan náà, kí gbogbo wọn sì máa yí padà sí èdè agbedeméjì kan ṣoṣo. Class tí ẹnìkan kọ pẹ̀lú Visual Basic, ẹlòmíràn lè fi C# jogún lára rẹ̀ láìbèèrè èdè tí a fi kọ ọ́. Fujitsu tilẹ̀ gbé COBOL wá sórí rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i, èdè tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Èkó, tó ń pe class tí wọ́n fi C# kọ, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé.

C# náà kọ ète rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà níwájú ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ ECMA tẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 334. Wọ́n ní kí èdè náà rọrùn, kí ó bá ìgbà mu, kí ó wúlò fún gbogbo iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ irú nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ tí à ń lò, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá òpin array. Wọ́n ní kí ó bá onírúurú èdè àti àṣà ayé mu. Wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe láti bá C tàbí èdè ṣíìpù díje nínú eré sísá ni wọ́n ṣe é. Ibi tí mo dúró lé jù ni ibi tí wọ́n ti ní kì í ṣe kóòdù nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣeé gbé láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹni tó ń kọ kóòdù náà gbọ́dọ̀ lè kọjá pẹ̀lú ìmọ̀ tó ti ní, pàápàá ẹni tó ti mọ C àti C++. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn sí mi kedere. Ètò ni Java fẹ́ máa gbé láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Ènìyàn ni .NET fẹ́ máa gbé láti èdè sí èdè.

Ọ̀rọ̀ owó ni iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo sì ti rí iye tí ìrọrùn Java ń náni. Nínú báńkì, a kì í fi nọ́ńbà double ka owó, nítorí kò lè gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá láìṣẹ́ díẹ̀ kù. C# fi irú nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní decimal sínú èdè fúnra rẹ̀, bit 128 ni, ó sì ń gbé dígíìtì 28 láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Láti ṣírò èlé kí a sì fi owó iṣẹ́ kún un, ohun tí mo máa kọ nínú C# ni “owo * ele + owoIse”. Java ti yọ àǹfààní yíyí àmì ìròpọ̀ padà kúrò nítorí kí èdè lè rọrùn, BigDecimal rẹ̀ kò sì lè lo àmì yẹn, nítorí náà ohun tí mo máa kọ níbẹ̀ ni “owo.multiply(ele).add(owoIse)”. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa fún mi. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà bá gùn dé ìlà mẹ́wàá, aṣírò owó tó wá yẹ̀ ẹ́ wò lè ka ti C# fúnra rẹ̀. Ti Java, èmi ni mo máa dúró tì í tí màá máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn tó ṣe Java yọ àmì yẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa fi tan ẹlòmíràn jẹ. Àwọn tó ṣe C# dá a sí kí ẹni tó ń ka kóòdù lè rí ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ète ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí wọ́n mú generics wọ àwọn èdè méjèèjì, kí àkójọ lè mọ irú ohun tó wà nínú rẹ̀. Java 5 mú un dé ní 2004, C# 2.0 mú un dé ní 2005. Java ní class tí àwọn ènìyàn ti kọ kò gbọdọ̀ bàjẹ́, nítorí náà kọ̀ǹpáílà nìkan ló ń mọ irú ohun tó wà nínú àkójọ. Nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, JVM kò mọ àkójọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí àkójọ nọ́ńbà. .NET, tí kò tíì pẹ́ láyé nígbà náà, tún inú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ó lè mọ̀ ọ́n. Don Syme àti Andrew Kennedy ló ṣe iṣẹ́ yẹn ní ibùdó ìwádìí Microsoft ní Cambridge. Ohun tí .NET ṣe mọ́ tónítóní jù. Ohun tí Java ṣe jẹ́ pípa àdéhùn mọ́ pẹ̀lú ẹni tó ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ní fáìlì class tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí JVM tó wà lọ́wọ́ mi, n kò sì lè fojú kéré ìyẹn.

Lórí ohun kan, àwọn méjèèjì fẹnu kò, ó sì kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti gba Unicode, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ bit 16, dípò bit 8 tí C ń lò. Ẹni tó ti gbìyànjú láti kọ orúkọ Yorùbá sínú ètò C ní àwọn ọdún 1980 mọ ohun tí mo ń sọ: kò sí ọ̀nà, ibikíbi tí àmì bá wà, a fi í sílẹ̀. Ní báyìí, ẹ kọ “Adébọ́lá” sínú Java, kí ẹ sì bi í pé lẹ́tà mélòó ni. Lójú wa, méje ni. Java á ní mẹ́jọ. Ẹ bi C#, òun náà á ní mẹ́jọ. Ìdí ni pé Unicode ní ààyè kan fún é, ó ní ààyè kan fún ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ààyè kan fún ọ́ tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè pọ̀, nítorí náà ààyè méjì ló ń gbà. Bí ẹlòmíràn bá tú gbogbo àmì orúkọ kan náà sọ́tọ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, mọ́kànlá ni wọ́n máa kà. Bí báńkì bá wá fi orúkọ tí ẹnìkan tẹ̀ lọ́nà kìíní wá orúkọ tí ẹlòmíràn tẹ̀ lọ́nà kejì, kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kan náà ni. .NET fi irinṣẹ́ tó ń mú ọ̀nà méjèèjì bára dọ́gba sínú rẹ̀ ní 2005, Java fi tirẹ̀ sí i ní 2006. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ ètò fún ilé ìwòsàn àti báńkì nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lò ó kí ẹ tó fi orúkọ wé orúkọ.

Bí àkókò ti ń lọ, àwọn abánidíje méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí ẹnìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Miguel de Icaza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Mono ní 2001 láti mú .NET dé orí Linux, wọ́n sì gbé Mono 1.0 jáde ní 2004. Ní 2014, Microsoft fúnra rẹ̀ kéde pé òun máa ṣí kóòdù .NET sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ní 2016 .NET Core 1.0 sì jáde, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Ìbéèrè Java nìyẹn, .NET ló dáhùn ún. Ní ti Java, Sun ti kéde ní 2006 pé òun máa ṣí kóòdù tirẹ̀ sílẹ̀, Oracle ra Sun ní 2010, àwọn èdè mìíràn sì ti ń kóra jọ sórí JVM: Scala, Clojure, Kotlin. Java 7 tó jáde ní 2011 fi àṣẹ tuntun kan sínú bytecode láti mú iṣẹ́ rọrùn fún àwọn èdè tí kì í ṣe Java. Ìbéèrè .NET nìyẹn, JVM ló dáhùn ún. C# ní lambda ní 2007, Java ní tirẹ̀ ní 2014. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, àwọn méjèèjì sì lo ọgbọ́n ara wọn láìtijú.

Síbẹ̀, wọn kò di ọ̀kan. Bí mo bá ṣí kóòdù Java, mo ṣì ń rí ìṣọ́ra ẹni tó ṣèlérí pé ohun tí òun kọ lónìí máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, kò sì fẹ́ kí ọjọ́ ọ̀la dójú ti òun. Bí mo bá ṣí kóòdù C#, mo ń rí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ rọ ẹni tó ń ṣe é lọ́rùn, tó sì ń fi irinṣẹ́ tuntun kún un bó ṣe ń rí ìlò rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ní 1996 àti 2001 ṣì ń darí wọn títí di òní.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tó ń kọ kóòdù nílé wa yóò sì ṣe èdè àti pẹpẹ tiwọn lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni pé ìwé tí Gosling àti McGilton kọ àti ìwé ìlànà ECMA ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n láìsan kọ́bọ̀, kí wọ́n kà wọ́n kí wọ́n tó kọ ìlà kan. Kí wọ́n wo bí àwọn ènìyàn yẹn ṣe sọ ohun tí wọ́n fẹ́, àti ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe nítorí rẹ̀. Kí àwọn náà kọ tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ lo iṣẹ́ wọn lè mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí, kí ó sì lè bi wọ́n lẹ́yìn ogún ọdún bóyá wọ́n mú un ṣẹ.